Ẹ Bẹ Abẹ́ Ọkọ̀ Wò Kí Ẹ Tó Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá fẹ́ ra ògbólógbòó Land Rover tó ń lo epo dísù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣí. Á ní kí wọ́n sáná sí i, á tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, bó bá sì ti dún dáadáa, ó ti ki ọwọ́ bọ àpò nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣásí, ìyẹn irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ló ń sọ bóyá ọkọ̀ náà ṣì wúlò.

Bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ yìí gan-an ló ń tan ojú jẹ. Nígbà tí iléeṣẹ́ Rover gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1948, ogun àgbáyé kejì ò tíì parí tipẹ́, irin sì ṣọ̀wọ́n. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n wá fi irin ṣe ṣásí. Ẹ́ńjìnnì dísù dé lọ́dún 1957, àmọ́ àdàpọ̀ yìí ni wọ́n ń bá bọ̀ títí tí Defender àtijọ́, tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní Solihull ní oṣù kìíní ọdún 2016. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín máa ń bá ẹrẹ̀ wọnú ihò ṣásí, á jókòó síbẹ̀, á sì máa jẹ irin náà láti inú. Òkè lè máa dán gbinrin nígbà tí ìsàlẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Nítorí náà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó ọkọ̀, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù kékeré, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa kan irin náà jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lu. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà á dún bí ìgbà tí wọ́n ń lu páálí. Bí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tó nípọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ bi wọ́n pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì fi ọjọ́ orí ọkọ̀ tu ara yín nínú: èyí tó bá ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò MOT ọdọọdún, ó sì lè ti pẹ́ tí ojú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti dé abẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àwọn kan á ní ẹ́ńjìnnì lọkàn ọkọ̀. Òótọ́ ni pé ó yẹ ní yíyẹ̀ wò. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sáná. Bó bá ti gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí òwúrọ̀ tútù ni àṣírí ẹ́ńjìnnì dísù máa ń tú. Èéfín búlúù túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lè jẹ́ pé omi ti ń wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ló ṣeé tún ṣe. Ìjọba pàápàá fi ṣásí ṣáájú ẹ́ńjìnnì: fún ọ̀pọ̀ ọdún, DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi máàkì díwọ̀n bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì lè máa jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́. Máàkì 8 ló gbọ́dọ̀ ní: ṣásí gba 5, ẹ́ńjìnnì gba 1 péré.

Àwọn mìíràn á ní ṣebí wọ́n ń ta ṣásí tuntun. Wọ́n ń tà á, ó sì dára, pàápàá èyí tí wọ́n rì sínú síńkì. Àmọ́ kí ó tó wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ tú gbogbo ara ọkọ̀, wáyà, páìpù àti ẹ́ńjìnnì kúrò. Bí ẹni tó ń tà á bá ti ṣe é, tó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́, owó tó pè lé e tọ́ sí i. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Bí wọ́n bá wá gbé méjì síwájú yín, tí ọ̀kan ń dán àmọ́ tí ṣásí rẹ̀ ti lu, tí èkejì rí wúruwùru, tó ń rú èéfín, àmọ́ tí òòlù ń dún ketekete lára irin rẹ̀, èkejì ni kí ẹ rà. Mẹkáníìkì á bá yín parí èyí tó kù.