Báísìn, Ẹfọ̀n Ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Bí A Ṣe Lè Wò Ó Láìfarapa

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, àwọn àlejò kan tí wọ́n lọ ṣe ìbẹ̀wò sí igbó ìjọba Yellowstone ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà rí ọmọ báísìn kan. Wọ́n rò pé òtútù ń mú un. Àánú ṣe wọ́n, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ wọn lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbìyànjú léraléra láti dá a padà sáàárín agbo, ṣùgbọ́n agbo kọ̀ ọ́. Ọmọ ẹran náà wá ń tọ ènìyàn àti ọkọ̀ lẹ́yìn lójú títì, títí wọ́n fi pa á. Àánú àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni ó ṣekú pa á.

Nígbà tí mo fi àwòrán báísìn han àwọn ọmọ kíláàsì mi, "ẹfọ̀n" ni wọ́n pè é. N kò bá wọn jiyàn, nítorí ìbátan ẹfọ̀n inú ìtàn àwọn ọdẹ wa ni. Ṣùgbọ́n báísìn ní iké ńlá ní èjìká, irun sì bo orí àti ọrùn rẹ̀. Akọ rẹ̀ lè wọn kílò 900. Síbẹ̀, ó lè sáré kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Àwọn ọdẹ oníbọn pa wọ́n débi pé, ní ọdún 1902, nǹkan bí 24 péré ni ó kù ní Yellowstone. Lónìí, wọ́n ti ju 3,000 lọ níbẹ̀.

Kò sí ẹranko mìíràn, títí kan béárì, tí ó ti ṣe ènìyàn léṣe tó báísìn nínú igbó náà. Ìwà jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni ó ń tan ènìyàn. Yóò máa jẹko lẹ́bàá ọ̀nà bí màlúù àwọn Fúlàní, àlejò yóò sì rò pé ẹran ọ̀sìn ni. Ní ọdún 2015, ènìyàn 5 ni ó farapa. Gbogbo wọn ni ó sún mọ́ ọn ju bí òfin ṣe gbà lọ, àwọn kan tilẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i kí wọ́n lè ya fọ́tò.

Òfin náà ni pé kí mítà 23, ó kéré tán, wà láàárín ènìyàn àti báísìn, bí ìgbà tí a bá to bọ́ọ̀sì gígùn méjì tẹ̀lé ara wọn. Bí ẹran náà bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ni ẹ óò sún sẹ́yìn, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ máa wo ìrù rẹ̀. Bí ara bá tù ú, ìrù náà á rọ̀ sílẹ̀. Bí ó bá nà án sókè ṣánṣán, tí ó ń mi orí, tí ó sì ń fi pátákò wa ilẹ̀, kí ẹ tètè kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìgbà ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ni ìgbà gígùn báísìn pẹ̀lú, láti àárín oṣù keje sí àárín oṣù kẹjọ. Inú akọ kì í dùn sí ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ẹ di ọwọ́ àwọn ọmọ mú.

Inú ọkọ̀ ni ó dára jù láti máa wò wọ́n, ní àfonífojì Lamar tàbí ti Hayden. Bí agbo bá gba ojú títì, ẹ má fun fèrè, ẹ má sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó.