Ihò Mẹ́ta Ara Ògiri: Ibi Tí Púlọ́ọ̀gì Wa Ti Wá

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí wọn kì í ti í ṣe é ní Nàìjíríà. Ṣájà fóònù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta, ó kọ̀, kò wọlé. Ẹnìkan á wá ìdérí bírò, á kì í bọ ihò tó wà lókè, á tì í díẹ̀, ihò méjì ìsàlẹ̀ á ṣí, ṣájà á sì wọlé wẹ́rẹ́. Ẹni tí kò rí bírò á lo igi ìṣáná. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé á lo ẹnu ọ̀bẹ. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ẹni tó ń béèrè kò pọ̀ pé kí ló dé tí ẹni tó ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi ti ilẹ̀kùn mọ́ iná nínú, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ihò òkè.

Ìlú Ọba ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lásìkò ogun Hítílà. Ṣùgbọ́n wàhálà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ogun.

Nígbà tí iná mànàmáná kọ́kọ́ wọ ilé àwọn Òyìnbó, gílóòbù nìkan ni wọ́n rò pé ó wà fún. Kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri. Ẹni tó bá ra áyọ́ọ̀nù á gun àga, á yọ gílóòbù, á so wáyà áyọ́ọ̀nù mọ́ ojú ihò rẹ̀, á wá máa lọ aṣọ lábẹ́ wáyà tó ń fì lókè orí rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Harvey Hubbell, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọdún 1904 lórí púlọ́ọ̀gì tó ṣeé fi ṣeé yọ. Ní Ìlú Ọba ní tiwọn, owó iná gílóòbù tún yàtọ̀ sí owó iná tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, nítorí náà ilé kan ṣoṣo lè ní wáyà oríṣi méjì. Nígbà tó di 1934, wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní BS 546, pé kí púlọ́ọ̀gì máa ní ẹsẹ̀ róbótó mẹ́ta. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ẹrù ṣe wúwo tó ni wọ́n ṣe pín ìwọ̀n rẹ̀: ti ámúpù 2 wà, ti 5 wà, ti 15 wà, ti 30 wà, ìkankan nínú wọn kò sì lè wọ ihò èkejì. Àwọn tó gbé inú ilé ìjọba àtijọ́ ní GRA á rántí ti ámúpù 15, tó ki pọ́pọ́, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ amúlétutù. Títí dòní, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò ní Íńdíà àti ní Gúúsù Áfríkà.

Ní 1942, bọ́ǹbù ti wó ilé lọ bẹẹrẹ ní Lọ́ńdọ̀nù àti láwọn ìlú mìíràn. Ìjọba mọ̀ pé bí ogun bá parí, ilé kíkọ́ ló kàn. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà iná, Institution of Electrical Engineers, wá kó ìgbìmọ̀ jọ láti gbèrò bí iná á ṣe wọ inú àwọn ilé tuntun náà. Ogún ènìyàn ló wà nínú ìgbìmọ̀ yìí. Ọkùnrin ni mọ́kàndínlógún nínú wọn, obìnrin kan ṣoṣo tó kù sì ń jẹ́ Caroline Haslett.

Obìnrin yìí tó kí á dúró sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Sussex ni wọ́n bí i sí ní 1895. Iṣẹ́ akọ̀wé ló kọ́kọ́ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rọ ìkòkò ńlá tí ẹ̀rọ fi ń se omi, ibẹ̀ ló ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ẹnjiníà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1919, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé wọn. Láti 1924, òun ló ń darí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n ṣe lè lo iná mànàmáná láì fara pa. Lójú rẹ̀, iná ló máa gba obìnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ èédú, eérú àti aṣọ fífọ̀ tí kì í tán. Ó fẹ́ràn iná débi pé, kí ó tó kú ní 1957, ó ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé iná mànàmáná ni kí wọ́n fi sun òkú òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló jókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó mọ iná ilé iṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má tíì pọn ọmọ nínú ilé ìdáná rí.

Ìgbìmọ̀ náà gbé ìwé àbọ̀ wọn jáde ní 1944. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n sọ ni pé sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò bo ojú iná, kí ọmọdé má baà ti ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀. Ibí yìí ni ilẹ̀kùn ti wá. Bí o bá mú púlọ́ọ̀gì tòótọ́ lọ́wọ́, wò ó dáadáa: ẹsẹ̀ òkè gùn ju méjì ìsàlẹ̀ lọ. Tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 22.7, tiwọn kò ju 17.7 lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Bó ṣe ń wọlé ló ń ti ilẹ̀kùn inú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ti kan wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, kí àwọn méjì yòókù tó fojú kan iná. Nígbà tí a bá ń yọ ọ́, òun náà ló ń jáde kẹ́yìn. Wáyà púlọ́ọ̀gì náà kò gba iwájú jáde, ìsàlẹ̀ ló gbà, kí ó má baà rọrùn fún ẹni tó fẹ́ fa wáyà tu dípò kí ó di púlọ́ọ̀gì mú.

Ṣájà fóònù kò nílò wáyà ilẹ̀, torí ike ló bò ó yíká, kò sí irin lára rẹ̀ tí ọwọ́ lè kàn. Ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù fi ní ẹsẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n wo ṣájà tí wọ́n ṣe fún Ìlú Ọba: ẹsẹ̀ kẹta wà lára rẹ̀, ike lásán ni, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó sì ń ṣe ni pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni ìdérí bírò ń bá wa ṣe. Ìdérí bírò kọ́ ni ewu ibẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ ike. Ewu ibẹ̀ ni pé ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kò lè di ẹsẹ̀ róbótó tín-ín-rín mú. Ẹsẹ̀ á máa mì nínú rẹ̀, iná á máa ta pàrà, ojú ihò á gbóná, ike á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bí o bá rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní àmì dúdú lójú ihò kan, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn.

Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì ńkọ́? Bàbà ló fà á. Ogun ti gba bàbà tán, ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sì pọ̀. Bí wáyà tó nípọn bá ní láti ti orí bọ́ọ̀dù fíúsì lọ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bàbà kò ní í tó. Ìgbìmọ̀ náà wá dá a lábàá pé kí wáyà kan gbéra láti bọ́ọ̀dù, kí ó máa ti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sí èkejì, kí ó yí ilé po bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ìdí po, kí ó sì padà síbi tó ti gbéra. Nítorí pé apá méjì ni iná gbà ń dé ọ̀dọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wáyà tí kò nípọn á lè gbé ẹrù tí ìbá gba wáyà ńlá. Fíúsì ámúpù 30 kan ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìṣòro kan wá yọjú. Wáyà fìtílà orí tábìlì kò lè gba ámúpù 30. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú fìtílà, wáyà rẹ̀ á ti jó, kọ́tìnì á ti gbaná, kí fíúsì ámúpù 30 tó rò ó pé kí òun já. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi fíúsì kékeré sínú púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, kí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Wọ́n sì sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di pẹlẹbẹ, kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ róbótó àtijọ́, tí kò ní fíúsì nínú, má lè wọ ihò tuntun. Ní 1947 ni ìlànà BS 1363 jáde, òun sì ni púlọ́ọ̀gì tó wà lára ògiri wa lónìí.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò lọ́jú pọ̀. Iná mànàmáná ti tàn ní Èkó láti 1896, Gẹ̀ẹ́sì ló sì tàn án. Nígbà tí wọ́n dá ECN, àjọ tó ń pèsè iná ní Nàìjíríà nígbà náà, sílẹ̀ ní 1950, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnjiníà ń kà, ẹrù Gẹ̀ẹ́sì ló ń tẹ ọkọ̀ ojú omi wá. Púlọ́ọ̀gì bá wọn wọlé. Ohun tí kò bá wọn wọlé tán ni àwọn nǹkan tó wà lẹ́yìn ògiri, tó jẹ́ pé nítorí wọn ni wọ́n ṣe ṣe púlọ́ọ̀gì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú wáyà ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ó yẹ kí wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ilé. Àwọn oníná a tún máa da èédú àti iyọ̀ yí i ká kí ilẹ̀ ibẹ̀ lè tutù. Ilé àyágbé mélòó ni onílé ti ná owó yìí? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ihò òkè kò so mọ́ ohunkóhun. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìyá tó máa ń wọ sálúbàtà kí ó tó ṣí fíríìjì, torí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan sìmẹ́ǹtì, ara fíríìjì á gbé e jìnnìjìnnì. Wọ́n á ní fíríìjì náà ló ń gbé èèyàn. Ó lè jẹ́ lóòótọ́ pé iná ń jò díẹ̀ nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n ilé ni kò fún iná yẹn ní ọ̀nà tí yóò gbà wọlẹ̀, ló fi ń gba ara ìyá náà kọjá.

Fíúsì náà ní tirẹ̀ lára. Ámúpù 13 ni wọ́n sábà máa ń fi sí gbogbo púlọ́ọ̀gì, ì báà jẹ́ ti áyọ́ọ̀nù, ì báà jẹ́ ti fáànù. Ámúpù 13 lórí iná 230 fólítì tó nǹkan bíi wáàtì 3,000. Ohun èlò tí kò ju wáàtì 700 lọ, bíi fáànù, fìtílà àti tẹlifíṣọ̀n, fíúsì ámúpù 3 ló yẹ ẹ́. Bí fíúsì bá sì já tán, òwú wáyà bàbà kan ni wọ́n máa ń wé mọ́ ojú ibẹ̀, tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá, ni ẹ̀ṣọ́ bá di igi lásán.

Ní ọjà, ayédèrú púlọ́ọ̀gì pọ̀. Ohun méjì wà tí mo máa ń wò. Láti 1984 ni Ìlú Ọba ti ní kí wọ́n fi ike bo ìdí ẹsẹ̀ méjì ìsàlẹ̀, kí ìka ọwọ́ má baà kan irin tó níná nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá yọ díẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè kò gbọ́dọ̀ ní ike yìí, irin ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ látòkè délẹ̀. Bí o bá rí ike ní ìdí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára púlọ́ọ̀gì tó ní wáyà ilẹ̀, dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Èkejì ni òòfà. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀ ojúlówó, òòfà kì í sì í fa idẹ.

Ti ẹrù tòkúnbọ̀ tún yàtọ̀. Èyí tó ti Jámánì wá á ní ẹsẹ̀ róbótó méjì àti irin pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn Schuko. Bí a bá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó parí, iná wọn àti tiwa dọ́gba. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi bílẹ́ńdà ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ni kí ó ṣọ́ra. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì tín-ín-rín lára rẹ̀ ń sọ pé iná 120 fólítì ló ń jẹ. Adápítọ̀ á jẹ́ kí ó wọ ihò, àmọ́ kò ní í dín iná kù, èéfín ni wọ́n á kọ́kọ́ rí.

Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè mọ̀ pé kò dìgbà tí èèyàn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà kan gba àárín ilẹ̀ Yorùbá. Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sí apá Faransé. Lónìí, ihò pẹlẹbẹ mẹ́ta ló wà lára ògiri ní Ìdìrókò, àmọ́ bí o bá kọjá ẹnubodè dé Ṣakétẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́, ihò róbótó méjì lo máa bá, irin kan a sì máa yọrí síta láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ fún iṣẹ́ wáyà ilẹ̀. Àbúrò á kí ẹ̀gbọ́n, wọ́n á gbọ́ ara wọn yé kedere, áyọ́ọ̀nù ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò ní í gbọ́ ti ògiri àbúrò. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Lùkùmí, àtọmọdọ́mọ Yorùbá, wà, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lò, torí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ń ta iná fún wọn kí Castro tó gbàjọba.

Ní 1986, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ iná gbé púlọ́ọ̀gì kan jáde pé kí gbogbo ayé wá máa lò ó. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn fún ìgbà pípẹ́, torí ta ló fẹ́ tú gbogbo ògiri ìlú rẹ̀ palẹ̀? Bùràsílì ló gbà á lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn, wọ́n tún un ṣe díẹ̀, Gúúsù Áfríkà náà sì mú un. Ṣáájú ìgbà náà, oríṣiríṣi ihò ló kún ilé àwọn ará Bùràsílì. Tiwọn báyìí ní ẹsẹ̀ róbótó mẹ́ta, ti ámúpù 20 sì nípọn ju ti ámúpù 10 lọ kí ó má baà wọ ihò tó kéré sí i. Àwọn aráàlú kùn gan-an, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kò sí wáyà kankan lẹ́yìn ihò kẹta. Ní tiwọn, ìjọba ṣòfin ní 2006 pé ilé tuntun kankan kò gbọ́dọ̀ wà láìní wáyà ilẹ̀.