Ìbínú kọ́ ni ìkanra

Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi bi aláìsàn léèrè: irritabilité. Bí a bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìbínú la sáábà máa ń mú. Lójú tèmi, ìkanra ló yẹ, gírámà sì ni ẹ̀rí mi.

Ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Kétu ni mo ti kọ́kọ́ fura sí i, nígbà tí mo sin àbúrò ìyá mi lọ síbẹ̀. Dókítà béèrè, nọ́ọ̀sì túmọ̀: "Màmá, ṣé ẹ máa ń bínú?" Ìyá fèsì pé: "Èmi? Ta ló ṣẹ̀ mí?" Nọ́ọ̀sì ní rárá ni, dókítà sì kọ "non" sínú fọ́ọ̀mù.

Èsì ìyá tọ̀nà. Ìbínú a máa ní ohun tó fà á, ohun náà sì lè jẹ́ olùwà: "Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú." A lè béèrè pé, "Kí ló bí ọ nínú?" Ìkanra kò gba irú èyí. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé *"Ọ̀rọ̀ náà kan mí lára". Bí a bá sì fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é, kàn, ó di ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kàn. A ní láti wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tì í: "Ebi mú mi kanra." Ẹ tún wò ó: ẹni tó ṣẹ̀ wá la ń bínú sí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí la lè kanra mọ́. Mo gbà pé kan yìí náà ló wà nínú "ògì ti kan": kò sẹ́ni tó ṣe ògì ní nǹkan kan, ó pẹ́ nílẹ̀ ni. (Ti onínúfùfù yàtọ̀, ìwà ni tirẹ̀.)

Ohun tí dókítà ń wá gan-an nìyẹn, nítorí àìsùn, ebi, ìrora, tàbí kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ lè mú ènìyàn kanra. Nínú DSM-5 ti ọdún 2013, ìkanra lè dúró dípò ìbànújẹ́ nígbà tí a bá ń wá àmì àìsàn ìsoríkọ́ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́. Bí a bá pè é ní ìbínú, ọmọ náà di aláìgbọràn lójú òbí rẹ̀.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo ní: "Màmá, ṣé ẹ máa ń kanra?"

"Háà! Láti ìgbà tí mi ò ti rí oorun sùn, àwọn ọmọ kì í fẹ́ gba iwájú mi kọjá mọ́. Àyà mi sì ń lù kì-kì-kì."

Dókítà gbé orí sókè, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Thyroid, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn, ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Wọ́n fagi lé "non" inú fọ́ọ̀mù náà.