Kí ẹ́ńjìnnì tó lè sáré, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun túbọ̀ sáré, agbára ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá: táábò, písítìn tuntun, epo tó pọ̀ sí i. Àwọn tó ń to ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìdíje mọ̀ pé orí òṣùwọ̀n ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló fà á?

Ká ní gíráàmù 10 péré ló lé ní ẹ̀gbẹ́ kan kíráńkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí, ní sẹ̀ńtímítà 5 sí àárín rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí á máa fa ọ̀pá náà bí ẹrù kílò 5. Ní 6,000, kílò 20 ni. Ní 9,000, tí Honda S2000 ọdún 1999 ń dé, ó di kílò 45. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìfà náà á di ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ríǹ tó gbé kíráńkì dúró ló sì ń jìyà rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú un dọ́gba?

Wọ́n á wọn gbogbo písítìn, wọ́n á sì ha àwọn tó wúwo títí wọn ó fi bá èyí tó fúyẹ́ jù dọ́gba. Kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíráńkì, gba sùúrù jù: orí ńlá rẹ̀ ń bá kíráńkì yí, orí kékeré ń bá písítìn lọ sókè sódò, nítorí náà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọn wọ́n. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yí kíráńkì lórí ẹ̀rọ tó ń tọ́ka ibi tó wúwo, wọ́n á sì lu ihò síbẹ̀.

Ṣé ó parí síbẹ̀?

Rárá. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó tò sórí ìlà kan ṣì ń gbọ̀n, nítorí kọ́ńrọ́ọ̀dù máa ń dagun bó ṣe ń yí, písítìn sì ń yára lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Frederick Lanchester, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì, rí ojútùú rẹ̀ ní 1904: ọ̀pá méjì tó ń yí lódìkejì ara wọn, ní ìlọ́po méjì eré kíráńkì. Mitsubishi jí ọgbọ́n náà dìde ní 1975. Porsche sanwó fún Mitsubishi kó lè lò ó nínú ọkọ̀ 944 rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì tò, kó béèrè ìwọ̀n písítìn àti kọ́ńrọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó dè é. Bí wọ́n bá ti dè é tán, àfi kí wọ́n tún tú u kí wọ́n tó lè ṣàtúnṣe.