Ẹ Má Sá fún Iṣẹ́ Àmúrelé Èdè Sípéènì

Ẹ̀yin òbí wa ní Prince George's County, bí ọmọ yín bá gbé iṣẹ́ èdè Sípéènì wálé, ẹ má ṣe wí pé kò kàn yín. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn a máa pa ìdí dà bí alágẹmọ ti ń pa àwọ̀ dà: "hablo" ni "mo ń sọ̀rọ̀", "hablas" ni "o ń sọ̀rọ̀", "hablamos" ni "a ń sọ̀rọ̀". Tiwa kì í yí padà. Àkọ́sórí ni èyí gbà.

Ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń padà sórí ẹni tí ó ṣe é, Yorùbá inú ilé wúlò ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. "Me veo" ni "mo rí ara mi". "Se ven" ńkọ́? "Wọ́n rí ara wọn" ni. Ó lè jẹ́ pé olúkúlùkù rí ara rẹ̀ nínú dígí. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn méjì ni ó rí ara wọn lọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí ọ̀nà méjì. Àwa àti àwọn ará Sípéènì kò pín in. Kì í kúkú ṣe ibi gbogbo ni ó ti bára mu: "me levanto" ni "mo dìde", kò sì sí "ara" níbẹ̀.

Ọmọ tí ó bá mọ ìyàtọ̀ "o" àti "ẹ" ti lóye "tú" àti "usted" ná. Bí ó bá sì gbọ́ "vos hablás" lẹ́nu àwọn ará El Salvador ní Langley Park, kì í ṣe àṣìṣe. Bí ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ nílùú wọn nìyẹn.