Ẹdun Orí Òkè Ẹfun

Ọ̀rọ̀ àwọn òkè kan ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Vietnam ni a fẹ́ sọ lónìí. Òkúta ẹfun ni wọ́n, irú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Omi òjò a máa jẹ òkúta yìí díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni omi ti ń gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, tí ó sì ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di ògiri gíga olórí ṣóńṣó.

Orí àwọn òkè wọ̀nyí nìkan, ní gbogbo àgbáyé, ni ọ̀bọ kan tí a ń pè ní ọ̀bọ Delacour ń gbé. Ìbátan ẹdun ilẹ̀ wa ni. Ewé ni oúnjẹ rẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n ìdí àti itan rẹ̀ funfun bí ẹni tó wọ ṣòkòtò péńpé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú ihò òkúta ni ó ń sùn. Àwọn tó ṣẹ́kù nínú igbó kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ.

Ọ̀tá méjì ni ó ní. Èkínní ni ọdẹ, tí ń pa á nítorí egungun rẹ̀ tí wọ́n ń sè fi ṣe oògùn. Èkejì ni iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Ní Kim Bang, níbi tí agbo wọn kejì tó pọ̀ jùlọ wà, ibi ìfọ́kùúta ti sún mọ́ òkè wọn. Oko ìrẹsì sì ti yí ọ̀pọ̀ òkè ká, tí agbo kan kò fi lè dé ọ̀dọ̀ èkejì láti wá ẹnìkejì tí yóò bá gùn.

Ṣùgbọ́n ìrètí kò tíì pin. Ní ọdún 2001, ìjọba sọ Van Long di ilẹ̀ ààbò. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ń ṣọ́ òkè náà, àwọn mìíràn sì ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò lọ wòran, wọ́n ń rí owó níbẹ̀. Iye ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì ti ìgbà náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: bí ọdẹ bá sinmi, ẹranko lè bí sí i. Igi tí a gé lè tún rúwé. Ṣùgbọ́n òkè tí a ti lọ̀ di sìmẹ́ńtì, kò sí òjò tí yóò mú un hù padà.