KÌNNÌÚN INÚ FÓÒNÙ ÀTI KÌNNÌÚN YANKARI

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ìròyìn àwọn tí ó bímọ àti àwọn tí ó ṣe ìnáwó òkú nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwọn ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ẹranko ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé kí ló kan akọ̀wé réluwéè nínú ọ̀rọ̀ kìnnìún. Ní ọdún 1898, nígbà tí wọ́n ń ṣe afárá ojú irin ní Tsavo ní ilẹ̀ Kenya, kìnnìún méjì pa àwọn òṣìṣẹ́ réluwéè títí iṣẹ́ fi dúró. Ojúlùmọ̀ àtijọ́ ni wá.

Ọgbọ́n kan ti dé ayé tí àwọn òyìnbó ń pè ní augmented reality. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní èdè wa, a lè pè é ní fífi àwòrán kún ohun tí ojú ń rí. Ènìyàn yóò gbé fóònù sókè bí ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò. Kámẹ́rà yóò máa wo ilẹ̀, fóònù yóò sì máa ṣọ́ àwọn àmì kéékèèké tí ó wà níbẹ̀, bí igun tábìlì, etí ẹní àti ojú síméńtì tí ó sán, láti fi mọ ibi tí òun wà àti bí òun ṣe ń rìn. Nígbà tí ó bá ti mọ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, yóò gbé àwòrán ẹranko lé e lórí. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, yóò tóbi sí i. Bí ẹ bá yí i ká, ẹ ó rí ìrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ojú kúrò lára fóònù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe àga àti tábìlì yín.

Eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pokémon Go ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọgbọ́n yìí ní ọdún 2016. Ní ọdún 2019 ni Google fi kìnnìún àti ẹranko mìíràn sí i, tí ènìyàn lè pè wá sí pálọ̀ rẹ̀; nígbà tí àìsàn Kòrónà sì sé gbogbo ayé mọ́lé ní ọdún 2020, àwọn òbí fi ń dá àwọn ọmọ lára yá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ó lè fi bí ẹranko ṣe tóbi tó hàn. Nínú ìwé, erin àti eku kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wíwọn ẹrù ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀n sọ ọ́. Akọ kìnnìún tí ó dàgbà a máa wọn bí 190 kílò, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò síméńtì mẹ́rin. Akọ erin tí ó tóbi lè wọn 6,000 kílò, ìyẹn 120 àpò síméńtì, èjìká rẹ̀ a sì máa ga ju mítà mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá gbé irú erin bẹ́ẹ̀ sí pálọ̀ bí ó ṣe ga gan-an, orí rẹ̀ yóò la àjà kọjá lójú fóònù. Ọmọ tí ó bá rí èyí ni yóò mọ ìdí tí àwọn baba wa fi ń wí pé a kì í rí àjànàkú kí á ní a rí nǹkan fìrí.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó máa ń túmọ̀ ẹkùn sí tiger, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Éṣíà ni tiger ń gbé, ìlà dúdú ni ó sì wà lára rẹ̀. Ẹkùn tiwa, tí a fi ń ki àwọn akíkanjú, àmì tótòtó ni ó wà lára rẹ̀. Bí ọmọ bá kọ tiger sí fóònù, tí ẹ sì sọ fún un pé ẹkùn inú oríkì ilé yín nìyí, ẹ ti fún un ní àlejò dípò ẹbí.

Àwọn kan ti fi ọgbọ́n yìí ṣe ohun tí ó ju eré lọ. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Nairobi tí ń jẹ́ Internet of Elephants. Ní ọdún 2020 wọ́n gbé eré kan jáde tí wọ́n pè ní Wildeverse. Ẹni tí ń ṣe é yóò máa rìn káàkiri bí ẹni pé inú igbó Borneo tàbí ti Congo ni ó wà, yóò máa wá ìgbẹ́ ẹranko àti èso tí wọ́n jẹ kù, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń ṣe, títí yóò fi rí ìnàkí. Wọ́n fi òtítọ́ inú igbó kọ́ ọ. Ní Paris, ní ọdún 2021, ilé ìṣúra ẹranko ìjọba fún àwọn àlejò ní awò ojú kan tí ó ń fi àwọn ẹranko tí ó ti tán pátápátá láyé hàn wọ́n. Ẹyẹ dodo ti erékùṣù Mauritius, tí ènìyàn kò rí láàyè mọ́ láti nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, wà lára irú ẹranko bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìbànújẹ́ ni kí awò nìkan ṣẹ́kù tí ènìyàn lè fi rí ẹranko.

Ọmọ kan ní àdúgbò wa gbé kìnnìún sí pálọ̀ wọn, inú rẹ̀ sì dùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ fún un pé kìnnìún ń tán lọ, ó ní, “Màámi, kò lè tán. Bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, á tún wá.” Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kìnnìún inú fóònù kì í kú, ìgbàkigbà tí dátà bá wà ni ó ń dé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó jáde kúrò nínú àgò rẹ̀ ní Jos Wildlife Park ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, ìbọn ni wọ́n yìn pa á, kò sì sí bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ láti dá a padà.

Ní ọdún 2014 àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde. Wọ́n ní kìnnìún tí ó kù ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jẹ́ bí 400 péré, ibi mẹ́rin ni wọ́n sì ti rí wọn: ọ̀kan ní Senegal, ọ̀kan ní ibi tí ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé, méjì yòókù sì wà ní Nàìjíríà wa yìí. Àwọn méjèèjì náà ni Kainji àti Yankari. Wọ́n ṣírò pé èyí tí ó dàgbà ní Nàìjíríà kò tó 50. Àwa tí ń gbé Jos sún mọ́ Yankari ju gbogbo ará Èkó àti Ìbàdàn lọ. Bauchi ni Yankari wà, ibi tí púpọ̀ nínú wa ń ná ọjà dé.

Ọdún 1956 ni a ya igbó Yankari sọ́tọ̀ fún ẹranko, a sì ṣí i fún àlejò ní ọdún 1962. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní ọdún 1991, ó sì padà sọ́wọ́ ìjọba Bauchi ní ọdún 2006. Nígbà tí wọ́n ka erin ibẹ̀ ní ọdún 2006 kan náà, ó ju 300 lọ; ìṣirò tí a ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò ju bí 100 lọ mọ́. Àwọn tí ń wá eyín erin ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù. Ní ti kìnnìún, ọ̀nà púpọ̀ ni ikú rẹ̀ ń gbà. Àwọn ọdẹ ń pa ìgalà àti ẹfọ̀n tí ó yẹ kí ó jẹ. Bí ebi bá wá mú un, tí ó sì pa màlúù tí wọ́n dà wọ inú igbó, àwọn tí ó ni màlúù a fi májèlé tàbí ìbọn gbẹ̀san. Láti ọdún 2014 ni ìjọba Bauchi àti ẹgbẹ́ WCS ti fọwọ́ sọ́wọ́, wọ́n ń fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní ohun èlò. Ẹran ìgbẹ́ tí a ń rà lọ́jà láìbéèrè ibi tí ó ti wá, inú ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà. Kí ẹni tí ń rà á dákẹ́ ìbínú sí ọdẹ.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ìyá ọmọ: ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí pápá ní ọjọ́ Sátidé kan, ẹ mú okùn ìwọ̀n dání, kí wọ́n wọn gíga erin kí wọ́n tó wò ó nínú fóònù. Kí àgbà tí ó mọ oríkì erin kì í sí wọn létí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí á dá owó ọkọ̀ jọ lọ sí Yankari.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹrin, nítorí omi inú igbó ti gbẹ nígbà náà, odò Gaji sì ni ẹranko ń wá mu. Láti Bauchi a ó gba ọ̀nà Gombe dé Dindima, a ó wá yà sí Mainamaji níbi tí ẹnu ọgbà wà. Kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ojú ọ̀nà ti rí kí ẹ tó gbéra. Ẹ bá àwọn ọmọ mú aṣọ ìwẹ̀ dání, nítorí omi Wikki lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án àti lóru, 31 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ sì di oúnjẹ yín mú ṣinṣin, nítorí àwọn ọ̀bọ ńláńlá tí ó wà níbẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.